Bẹ́ljíọ̀mù Ni Wọ́n Sọ Mí ní Ìkòsí

Oṣù méje gbáko ni mo fi jẹ́ Bẹ́ljíọ̀mù, tẹ̀ríntẹ̀rín ni mo sì ń jẹ́ ẹ. Títí di òní, bí mo bá rántí, ńṣe ni mo máa ń pòṣé sí ara mi. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èdè Yorùbá, tí mo ń gba owó oṣù lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, èmi náà ni wọ́n ń bú lójúkojú tí mo ń dáhùn pé, "Ẹ ṣé o."

Ṣàgámù ni mo ti wá sí Ìkòsí. Mo ti lọ́kọ lẹ́ẹ̀kan rí. Ọkọ ọ̀hún ò kú o, èmi ni mo kó jáde nígbà tí ara mi ò gba ìyà mọ́. Mo gbé ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí mo bí fún un, ó di ọ̀dọ̀ ìyá mi. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ni mo pàdé ọkọ tí mo fẹ́ báyìí. Fíríìjì ló ń tún ṣe, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Kétu. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni, kì í pariwo, kì í nawọ́ sí obìnrin. Lójú ẹni tó ti jẹ ìgbátí rí, ìyẹn nìkan tó ìdí láti fẹ́ ọkùnrin. Ohun kan ṣoṣo ni mo bi í kí n tó gbà fún un: ọmọ mi ńkọ́? Ó ní, "Jẹ́ ká kọ́kọ́ fìdí kalẹ̀. Tí wọ́n bá ti parí sáà ilé ìwé tí wọ́n wà yìí, a máa lọ mú un wá. Ọmọ ẹ, ọmọ mi ni." Ọmọ ọdún méje lọmọ náà nígbà yẹn. Mo pè é lórí fóònù, mo ní kó máa ka ọ̀sẹ̀. Ó sì ń kà á lóòótọ́. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń sọ iye tó kù fún mi.

Ilé bàbá ọkọ mi là ń gbé. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni bàbá wọn ti wá sí Èkó, ó ṣe iṣẹ́ káfíńtà títí ó fi kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré kan sí Ìkòsí. Bàbá ti kú kí n tó débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tó jẹ́ àkọ́bí wọn, ló ń gbé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, àwa wà lókè. Àṣẹ rẹ̀ ló ń ṣẹ nínú ilé náà. Bí omi bá tán nínú táǹkì, òun ni wọ́n ń bi léèrè, bí ayálégbé bá fẹ́ kan ìṣó mọ́ ògiri, òun náà ni.

Ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ìyẹn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Orúkọ mìíràn ló máa ń wá fún kálukú wọn, orúkọ tó dùn ún gbọ́, kódà ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí sílé náà. Ìyá mi ti rán mi létí kí n tó kúrò ní Ṣàgámù pé bí ayé Èkó ti wù kó là tó, kí n má fojú di èyí. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé, mo wo ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dáadáa. Obìnrin náà dúdú, àwọ̀ rẹ̀ ń dán. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ̀yin, Adúmáadán ni màá máa pè yín." Ó rẹ́rìn-ín. Ó wò mí láti orí délẹ̀, ó ní, "Ó dáa náà, ìyàwó. Èmi náà á fún ẹ ní tìẹ. Bẹ́ljíọ̀mù ni màá máa pè ẹ́." Ayálégbé kan ń fọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Bó ṣe gbọ́ ọ, ó dorí kodò sínú báfù, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ikọ́ ló ń wú.

Kí n má parọ́, orúkọ náà wù mí. Mo wo ara mi nínú dígí, mo ní bóyá torí pé mo pọ́n díẹ̀ ni, tàbí torí bàtà onígìgísẹ̀ tí mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Èmi tí mi ò kọjá Kútọnu rí láyé mi! Mo ní ó dáa, wọ́n mọyì tíṣà nílé yìí. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ọ̀rọ̀ àyálò. Mo sọ fún wọn pé aṣọ kámpálà tí màmá wọn ń ró, orúkọ ìlú kan ní Ùgáńdà ni. Mo sọ fún wọn nípa àńkárá, pé àwọn kan ní ìlú àwọn Tọ́kì ni, àwọn mìíràn ní rárá, Àkírà, olú ìlú Gánà, ni àwọn Gáńbàrí pè bẹ́ẹ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sábẹ́ ẹ̀, mo ní tí wọ́n bá fi orúkọ ìlú pe nǹkan, ibi tí nǹkan náà ti ń bọ̀ ni wọ́n ń sọ. Mo mọ èyí dunjú, àmọ́ kò wá sí mi lọ́kàn kí n bi ara mi pé ibo ni wọ́n ní èmi ti ń bọ̀.

Èyí tó burú jù ni ti ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ sí ìpàdé àwọn ìyá, wọ́n ní kí àlejò dìde kó sọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé. Mo dìde, mo tún gèlè ṣe, mo ní, "Nílé ọkọ mi, Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ń pè mí." Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbàlagbà kan fi etí ìborùn bo ẹnu. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, mo tún yípo lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n lè rí mi dáadáa. Háà! Ìyípo yẹn, títí dòní bó bá wá sí mi lọ́kàn, ara mi á bù máṣọ.

Sáà ilé ìwé parí, a ò lọ mú ọmọ mi. Ọkọ mi ní ẹ̀gbọ́n òun sọ pé ilé ti há, ká fún un láyè díẹ̀. Mo pe Ṣàgámù. Ọmọ náà ní, "Mọ́mì, ọ̀sẹ̀ ti tán." Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ òǹkà mìíràn.

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo gbé oúnjẹ lọ fún ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń dúró de abọ́, ni ọkùnrin kan bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ńlá kan. Ó ní Mágòdò lòun ti wá, kọ̀mpírẹ́sọ̀ fírísà òun ti kú. Ọkọ mi bi í pé, "Ọ̀gá, ṣé tuntun lẹ fẹ́ ni, àbí Bẹ́ljíọ̀mù?"

Mo gbójú sókè, mo ní, "Ẹ̀n?" Mo rò pé èmi ló ń pè. Oníbàárà ló kọjú sí.

Ọ̀gá náà bèèrè pé èwo ló dáa jù. Ọkọ mi nu ọwọ́ rẹ̀ sára sòkòtò, ó ní, "Ẹ gba Bẹ́ljíọ̀mù, ọ̀gá. Tuntun tó wà níta báyìí, Ṣáínà ni, oṣù mẹ́ta ló máa lò. Bẹ́ljíọ̀mù, òyìnbó ti lò ó lọ́hùn-ún kí wọ́n tó tú u wá. Kò sí ìyà tí ò tíì jẹ. Ó máa bá yín kalẹ́."

"Àlòkù nìyẹn ṣá," ni ọ̀gá yẹn wí.

"Àlòkù ni, ọ̀gá, àmọ́ àlòkù tó ṣeé fọkàn tán."

Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì. Ọ̀rọ̀ náà ò tètè wọlé, ńṣe ló rọra ń wọlé. Nígbà tí ọ̀gá náà lọ, ọkọ mi yíjú, ó rí mi, ó sì mọ̀ pé mo ti mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdè kan tí kò sọnù kiri inú agolo.

Mo ní, "Láti ìgbà wo lo ti mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n ẹ ń pè mí?"

"Àwàdà ni, jọ̀ọ́."

"Mi ò bèèrè àwàdà. Ibo ni orúkọ yẹn ti wá?"

Ó wá ń ṣàlàyé fún mi, ojú rẹ̀ nínú agolo. Ó ní láyé ọjọ́un, ọkọ̀ ojú omi tó ń ti Bẹ́ljíọ̀mù bọ̀ ló ń kó ọ̀pọ̀ àlòkù wá: ẹ́ńjìnnì, fíríìjì, táyà, bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Àwọn oníṣòwò wá ń fi orúkọ ìlú náà pe ẹrù. Nígbà tó yá, ì báà jẹ́ Jámánì, ì báà jẹ́ Jàpáànù ló ti wá, ohun tí ẹlòmíì bá ti lò rí, Bẹ́ljíọ̀mù ni. Ó ní àwọn ọmọṣẹ́ mìíràn wà ní Kétu níbẹ̀ tí wọn ò mọ̀ pé ìlú kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ àlòkù ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Tòkúnbọ̀ ni àwa ń pè é ní Ṣàgámù. Ká ní obìnrin yẹn pè mí ní Tòkúnbọ̀ ni, ì bá ti yé mi lọ́jọ́ kìíní, ọ̀ràn ì bá sì ti bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Kì í ṣe pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú mi ló dùn mí wọra. Mo ti gbọ́ èébú tó ju ìyẹn lọ nílé ọkọ àkọ́kọ́. Ohun tó dùn mí ni ẹnu tí ọkọ mi fi yin irin fún àjèjì. Ó ti jìyà, ó máa báni kalẹ́, ó ṣeé fọkàn tán! Gbogbo oríkì yẹn, fún kọ̀mpírẹ́sọ̀! Èmi tí mo ń se oúnjẹ tó ń jẹ lọ́wọ́, oṣù méje ni wọ́n fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú rẹ̀, kò rí ìdajì rẹ̀ sọ. Mo ní, "Bó o ṣe sọ ọ́ fún ọ̀gá Mágòdò yẹn, lọ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún Àǹtí ẹ. Mi ò fẹ́ ju ìyẹn lọ. Nítorí pé ọmọ mi ń bọ̀ nílé yìí, kò sì ní wá bá orúkọ yẹn lára mi." Ó ní òun á sọ ọ́. Ó búra.

Ìgbà ọlidé gígùn, a jọ lọ sí Ṣàgámù, a mú un wá. Ọmọ náà ò sùn lóru tó ṣáájú, ìyá mi ló sọ fún mi. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú máárúwá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ mi kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, ó ní, "Ẹ káàsán mà." Obìnrin náà wo ọmọ, ó wo báàgì rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀n-hẹ́n, Bẹ́ljíọ̀mù ti kó jàrá ẹ̀ dé."

Ẹ mọ jàrá. Èyí tí ọlọ́jà ń bù lé e lẹ́yìn tí èèyàn bá ti ra ọjà tán, tí kò lówó lórí. Mo wo ọkọ mi. Ó gbé báàgì, ó gba àtẹ̀gùn lọ sókè.

Nígbà tí a dé yàrá, ọmọ náà bi mí pé, "Mọ́mì, ta ni Jàrá?" Mo ní orúkọ ìkẹ́ ni, pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni mo pa, irọ́ gidi, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni. Inú rẹ̀ dùn. Kó tó di ọjọ́ kẹta, gbogbo ọmọ ilé ti ń pè é ní Jàrá, òun náà sì ń dáhùn, "Mò ń bọ̀ o!" á sáré sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rín á kún ẹnu rẹ̀. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé wọ́n fẹ́ràn òun ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń sọ fún ọkọ mi pé kó sọ̀rọ̀. Ó ní òun ń wá àyè. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ se ìrẹsì fún gbogbo ọmọ ilé. Mo wà lórí bákónì, mò ń sá aṣọ. Mo rí ọmọ mi tó to sáàárín wọn pẹ̀lú abọ́ rẹ̀. Mo sì gbọ́ ohùn obìnrin náà: "Jàrá, yàgò ná. Jẹ́ káwọn ọmọ ilé kọ́kọ́ bu tiwọn." Ọmọ náà yàgò. Ó lọ dúró sí ẹ̀yìn gbogbo wọn, abọ́ láyà.

Mi ò mọ bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀. Mo ní, "Adúmáadán, ọmọ mi lórúkọ. Ẹ sọ èmi ní àlòkù, mo jẹ́ ẹ fún oṣù méje torí mi ò mọ̀. Ọmọ mi ò ní jẹ́ tiẹ̀."

Kò tilẹ̀ gbé síbí ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ta ló sọ ẹ́ di àlòkù? Ṣé èmi ni mo kọ́kọ́ lò ẹ́ ni?"

Ayálégbé tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí wà níbẹ̀, kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ọkọ mi ti dé ìdí àtẹ̀gùn. Mo kọjú sí i, mo ní, "Sọ̀rọ̀. Èyí tó o sọ fún ọ̀gá Mágòdò yẹn, sọ ọ́ níbí. Mo bẹ̀ ẹ́, sọ ọ́." Ó họ orí. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wò mí. Ó wá dọ̀bálẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì kan ilẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Ẹ má wo tiẹ̀, inú ló ń bí i." Ó bá mi bẹ̀bẹ̀! Nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi bú èmi àti ọmọ mi, èmi ni wọ́n ń bá bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó dìde, ó rọra sọ fún mi pé, "Kúnlẹ̀, kó o bẹ̀ wọ́n. Kó lè parí."

Mo kúnlẹ̀.

Ẹ bi mí pé kí ló dé. Mo ti bi ara mi títí. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ti kó jáde nílé ọkọ kan. Mo ń rò ó pé tí mo bá tún kó jáde nínú èyí, kí ni wọn á wá máa pè mí ní Ṣàgámù, kí ni wọn á máa pè mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ta ni á tún gba obìnrin tó ti ilé méjì jáde? Bí mo ṣe wà lórí eékún, mo rí ẹsẹ̀ ọmọ mi nínú sálúbàtà rẹ̀. Kò kúrò níbi tí wọ́n ní kó dúró sí. Gbogbo rẹ̀ ló ṣojú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, "Ó ti tán, dìde," ó bu ìrẹsì sí abọ́ ọmọ náà, ó tún fi ẹran méjì sí i.

Ọmọ náà ò jẹ ẹ́. Ọjọ́ kẹrin, mo tibi iṣẹ́ dé, mo bá a tó ti ká gbogbo aṣọ rẹ̀ sínú báàgì. Ó ní, "Mọ́mì, mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ màmá àgbà. Wọn ò rẹ́ni bá wọn pọnmi." Kànga wà nínú ọgbà ìyá mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì ló ń fa omi níbẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà sì mọ̀ pé mo mọ̀. Ó yẹ kí n di ẹrù tèmi náà. Mo mú un lọ sí gáréèjì ní Máìlì 12, mo sìn ín dé Ṣàgámù, mo ní sáà tó ń bọ̀ màá wá mú un. Kò bèèrè iye ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ mi. Kò sùn ní Ìkòsí mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Mo bí ọmọ méjì fún ọkọ mi. Bí mo ṣe bí àkọ́kọ́, wọ́n gbàgbé Bẹ́ljíọ̀mù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń pè mí ní "ìyàwó wa" báyìí, ó tilẹ̀ ń fi mí yangàn. Ọkọ mi máa ń sọ pé, "Ṣé o wá rí i? Ó ti tán nílẹ̀." Tí mo bá kọjá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí mo gbọ́ tó ń polówó àlòkù fún oníbàárà, ojú ọ̀nà ni mo máa ń wò.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọbìnrin mi yà sọ́dọ̀ mi. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìlélógún, ó ń ti ibi ìdánwò iṣẹ́ kan bọ̀ ní Mẹńdẹ. Etí àga ló jókòó sí, ó fi báàgì lé itan. Ó kí ọkọ mi pé, "Ẹ káàsán sà," bí èèyàn ṣe ń kí ọ̀gá ilé ìwé. Mo fẹ́ fi fọ́tò àwọn àbúrò rẹ̀ hàn án, mi ò rí fóònù mi. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n pè é." Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, mo sì rí orúkọ tó yọ lójú fóònù náà: Mọ́mì Ìkòsí.

Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Àwọn àbúrò ìyá ẹni, àwọn ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni, gbogbo wọn ni mọ́mì, èèyàn á wá fi ìlú kálukú wọn kún un: Mọ́mì Ìbàdàn, Mọ́mì Abẹ́òkúta. Mo rọra bi í pé, "Ìyá mi ńkọ́? Kí lo fi orúkọ tiwọn sí?"

"Ta ni? Mọ́mì?" Ó wò mí, kò sí ìkà kankan nínú ojú rẹ̀. "Mọ́mì náà ni mo fi sí."

Fóònù mi ń dún lábẹ́ ìrọ̀rí nínú yàrá. Mo bi í pé ṣé kí n gbé oúnjẹ wá. Ó ti dìde. Ó ní rárá, ilẹ̀ ti ń ṣú, Mọ́mì á ti máa retí òun.